Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Gbé Fóònù Jáde Síta

Olùkọ́ kan kọ̀wé sí mi láti Iléṣà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìtàn àti jọ́gíráfì lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé. Ọmọ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀: àwọn kan ní Iléṣà, àwọn kan ní Ilé-Ifẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì sì wà ní Maiduguri níbi tí bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́ sọ́jà. Ó ní: "Màá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko lórí Zoom, màá béèrè pé ṣé ó yé yín, kò ní sẹ́ni tó máa fọhùn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ mẹ́sàn-án ló kù. Àwọn òbí ń ráhùn dátà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àwọn ará Maiduguri ń dà mí láàmú, ó ń ṣe mí bíi kí n ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mà, ṣé kí n dáwọ́ dúró ni? Báwo lèèyàn sì ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìlà contour láìsí pátákó? Ìtàn ogun gan-an ń bà mí lẹ́rù, torí gbogbo ohun tí mo bá sọ làwọn òbí ń gbọ́."

Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, tíṣà. Ẹ má dáwọ́ dúró. Wákàtí kan yẹn ni kí ẹ dá dúró, láti òní lọ. Òun ló lé ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sá, kì í ṣe ìtàn, kì í sì í ṣe jọ́gíráfì.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ iṣẹ́ méjèèjì yìí ní Ilé-Ifẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ìwé pa ní 2020, èmi náà gbé fóònù, mo sì ṣe ohun tí ẹ ń ṣe yìí gan-an. Ọ̀sán ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Òwò ẹrú ni mò ń kọ́ wọn, àtàná ni mo ti ń múra rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń dùn lẹ́nu mi. Nígbà tí mo parí, mo pe orúkọ ọmọ kan, kò dáhùn. Mo pe èkejì, kò dáhùn. Ìyá ẹ̀kẹta ló gbé e. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, ó ti lọ pọnmi látìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, orí àga ló gbé fóònù sí." Mi ò lè bínú sí ọmọ náà. Omi tó lọ pọn, ó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ, n kò tíì fún un ní ohunkóhun tó lè fi ṣe.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú kíláàsì, bí mo bá rí ọmọ tó fọwọ́ lẹ́rán, màá yí ohùn padà, màá pè é síwájú. Lórí fóònù, n kò rójú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí kámẹ́rà, nítorí dátà, tàbí nítorí pé wọn ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ wọn rí yàrá tí wọ́n jókòó sí. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ojú tèmi kọ́ ló kù tó yẹ kó ṣiṣẹ́, ojú tiwọn ni. Fóònù ọwọ́ ọmọ ní kámẹ́rà, ó ní aago, ó ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì ń bá a rìn. Ilẹ̀ tí ọmọ náà dúró lé, ì báà jẹ́ Ifẹ̀, ì báà jẹ́ Iléṣà, kò sí ìwé ìtàn tàbí ìwé jọ́gíráfì tó kún tó o. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ rán an jáde lọ wo nǹkan, kó gbé ohun tó rí wálé, kí ẹ tó la ẹnu ṣàlàyé. Rírí ló ń ṣáájú, àlàyé ń tẹ̀lé e. Ohun tí mo ní í sọ fún yín kò ju ìyẹn lọ. Èyí tó kù ni bí mo ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ sọ́jà méjì yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ o. Ìṣúra ni wọ́n. Kò sí kíláàsì onípátákó kankan ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ní ọmọ ní Maiduguri àti ní Iléṣà lọ́jọ́ kan náà, lábẹ́ oòrùn kan náà.

Ní Sátidé kan, ẹ ní kí gbogbo wọn wá ọ̀pá tó gùn ní mítà kan géérégé, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ níbi tó tẹ́jú, kó dúró ṣánṣán. Okùn tí wọ́n so òkúta mọ́ nídìí ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá ó dúró dáadáa, bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ṣe. Láti agogo 11:50 títí di agogo 1:10 ọ̀sán, kí wọ́n máa fi òkúta wẹ́wẹ́ sàmì sí ìparí òjìji ọ̀pá náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Dátà kankan kò ní lọ lásìkò yìí. Bí wọ́n bá parí ni kí wọ́n tó ya àwòrán ojú ìwé wọn, kí wọ́n fi sórí WhatsApp.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà pé agogo méjìlá ọ̀sán géérégé ni oòrùn máa ń dé àárín orí. Wọn yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín oṣù kẹfà, òjìji tó kúrú jù ní Iléṣà àti ní Ifẹ̀ yóò bọ́ sí nǹkan bí agogo 12:41 tàbí 12:42. Ti Maiduguri yóò bọ́ sí nǹkan bí 12:07. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà láàárín wọn. Nígbà tí èsì bá dé, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jà lórí rẹ̀ nínú gúrúùpù. Ẹnìkan yóò ní aago àwọn ará Maiduguri ń sáré, ẹnìkan yóò ní àwọn kan ò ri ọ̀pá tiwọn dáadáa. Ìgbà tí ara wọn bá ti wà lọ́nà láti gbọ́ ni kí ẹ tó mú longitude jáde, àwọn ìlà tí wọ́n fà láti àríwá dé gúúsù lórí máàpù: ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan, dígírì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Orí ìlà 15 níhà ìlà-oòrùn ni wọ́n gbé aago Nàìjíríà lé. Iléṣà wà ní nǹkan bí 4.7, Maiduguri wà ní nǹkan bí 13.2. Kí àwọn fúnra wọn yọ ọ́ kúrò nínú 15, kí wọ́n fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Ọmọ tó ti dúró nínú oòrùn fún odindi wákàtí kan kò tún ní bi yín mọ́ pé ìlà tí kò sẹ́ni tó lè rí, kí ló wúlò fún.

Ẹ̀bùn kejì wà nínú òjìji kan náà. Ẹ ní kí wọ́n wo ibi tó kọjú sí. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àríwá wa ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà, òjìji yóò sì kọjú sí gúúsù. Ní oṣù tó kù, ó di òdìkejì. Ní àárín oṣù kẹfà, ọ̀pá mítà kan yóò ní òjìji sẹ̀ǹtímítà 28 ní Iléṣà, 20 péré ní Maiduguri. Ní òpin oṣù kejìlá, ti Iléṣà lè tó 60. Bí wọ́n bá ya 28 àti 20 yẹn sínú ìwé, tí wọ́n sì fi protractor wọn igun rẹ̀, wọn yóò rí i pé ọ̀kan fi dígírì mẹ́rin àti díẹ̀ ju èkejì lọ, òun náà sì ni Maiduguri fi jìnnà sí wa lọ sí àríwá. Ọgbọ́n yìí ni Eratosthenes, onímọ̀ ará Gíríìkì kan, lò ní Íjíbítì, ó ti lé ní 2,200 ọdún báyìí, tó fi ṣírò bí ayé ṣe tóbi tó. Ọmọ Iléṣà àti ọmọ Maiduguri lè ṣe é pẹ̀lú igi méjì lásán.

Bí òjò bá ṣú, ẹ sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá sì jẹ́ oṣù mìíràn ni ẹ ṣe é, aago yóò yí díẹ̀: ní àárín oṣù kejì, òjìji Iléṣà lè máà kúrú tán títí di nǹkan bí 12:55, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ó lè ti kúrú tán ní 12:25. Ẹ má rò pé àwọn ọmọ ló ṣì í wọ̀n. Ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po kò rí roboto, ayé fúnra rẹ̀ sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín Iléṣà àti Maiduguri kò ní yí padà, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe é.

Ó kan contour, ìlà tó ń so àwọn ibi tó ga bákan náà pọ̀ lórí máàpù. Kò nílò pátákó, abọ́ omi ló nílò.

Kí ọmọ la ọ̀dùnkún ńlá sí méjì, kó dojú rẹ̀ dé sínú abọ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Kó bu omi sí i títí omi yóò fi ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, kó sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha ara ọ̀dùnkún náà yíká níbi tí omi dé. Kó tún bu omi sẹ̀ǹtímítà kan mìíràn, kó tún ha á. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí omi yóò fi bo orí rẹ̀. Kó wá da omi nù, kó dìde dúró, kó ya àwòrán rẹ̀ láti òkè tààrà. Àwọn ìlà tó ń yí ara wọn ká tí yóò rí nínú àwòrán yẹn ni contour. Níbi tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dùnkún ti dà bí ògiri, ìlà rẹ̀ yóò há mọ́ra. Níbi tó ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ìlà yóò jìnnà síra. Ẹ ò ní láti sọ ọ́ fún wọn. Ẹ kàn bi wọ́n pé: bí èèrà bá fẹ́ gun òkè yìí láìjìyà, ẹ̀gbẹ́ wo ni kó gbà?

Ọmọbìnrin kan kò rí ọ̀dùnkún nílé wọn, ó la iṣu gígùn kan ní òòró, èyí tí ìyá àgbà rẹ̀ tọ́jú fún oúnjẹ alẹ́. Orí iṣu náà tóbi, ìdí rẹ̀ sì tín-ín-rín lọ títí. Nígbà tó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mà, òkè tèmi ní ìrù." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohun tí ìwé ń pè ní spur nìyẹn, tí mo ti fi ẹnu ṣàlàyé ní ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gbọ̀n lójú pátákó láìrí ẹni tó sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, "òkè tó ní ìrù" ni gbogbo kíláàsì ń pè é, àfi bí ìdánwò bá dé. Ìyá àgbà fi iṣu náà se àsáró.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fi máàpù gidi hàn wọ́n. Ẹ ya àwòrán apá kékeré kan nínú máàpù 1:50,000, kì í ṣe odindi rẹ̀, torí ojú fóònù kéré. Lórí irú máàpù yẹn, sẹ̀ǹtímítà méjì ni kìlómítà kan. Ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí ìlà ti há mọ́ra jù ní àgbègbè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó bá ti gun òkè ibi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rán an létí ohun tí ìlà wọ̀nyẹn ń wí.

Ní ti dátà, àwọn òbí jàre. Zoom onífídíò fún wákàtí kan lè jẹ ju mẹ́gábáìtì 500 lọ. Ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún lórí WhatsApp kì í sábà ju mẹ́gábáìtì kan tàbí méjì. Bí mo ṣe ń pín ọ̀sẹ̀ mi nìyí: ní Mọ́ńdè, ohùn kan tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àwòrán kan, iṣẹ́ kan. Wọ́n ní títí di alẹ́ Tọ́sìdeè láti fi ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́. Ní Sátidé, a ó pàdé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ohùn nìkan, kò sí kámẹ́rà. Zoom ọ̀fẹ́ kì í jù ogójì ìṣẹ́jú lọ fún èrò púpọ̀, kò sì yẹ kí ẹ nílò jù bẹ́ẹ̀. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, àwọn ọmọ ni yóò sọ èyí tó pọ̀. Ẹ pè wọ́n lórúkọ: "Sọ fún wa ohun tí o rí." Ẹ má béèrè pé ṣé ó yé yín mọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa tí yóò sọ fún olùkọ́ rẹ̀ níwájú èrò pé kò yé òun.

Ọmọ tí kò ní fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ so ó pọ̀ mọ́ ẹnìkejì tó ń gbé nítòsí rẹ̀, kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ kan. Ẹ sì rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé jáde fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní 2013. Nígbà náà, àwọn ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ti wà nínú rẹ̀, ọmọ kò nílò láti ra dátà kó tó kà á. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun tí wọ́n lè gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì máa kà á nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, tí kò sì sí iná.

Ìtàn lẹ́rù yín pọ̀ sí jù, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Mo rán àwọn ọmọ Ifẹ̀ níṣẹ́ nígbà kan pé kí wọ́n ya àwòrán ohun kan nínú agboolé wọn tó ju ìyá àgbà wọn lọ lọ́jọ́ orí. Àwọn kan ya ilé alámọ̀, ẹnìkan ya igi ìrókò. Ọmọkùnrin kan ya ilẹ̀. Àwòrán náà kò mọ́. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, omi ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ní kó tún un yà, kó bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ọn. Nígbà tí ìkejì wọlé, mo dìde lórí ìjókòó. Àpáàdì ni. Wọ́n fi etí to gbogbo rẹ̀, ọ̀wọ́ kan ń da orí sọ́tùn-ún, ọ̀wọ́ kejì ń da orí sósì bí egungun ẹja, òkúta funfun wẹ́wẹ́ sì wà láàárín wọn. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń rákò ló ti ń kọjá lórí rẹ̀. Ó rò pé bíríkìlà kan ló ṣe é nígbà tí bàbá òun wà ní kékeré.

Irú àpáàdì títẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ifẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sí àárín nǹkan bí 1100 sí 1500. Ìtàn ẹnu sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọ̀ọ̀ni, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Mo gbé àwòrán ọmọ náà síwájú gbogbo wọn ní Sátidé, mo bi wọ́n pé: irú ìlú wo ló ní àpáàdì tó pọ̀ tó báyìí? Ta ló ń mọ ìkòkò wọ̀nyẹn, ta ló ń se oúnjẹ nínú wọn? Ta ló láṣẹ tó fi lè ní kí àwọn èèyàn máa to àpáàdì kalẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wa parí, wọn ò fẹ́ lọ. Mo kìlọ̀ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ilẹ̀ o, kí wọ́n má yọ ẹyọ kan. Láti 1979 ni òfin ti wà tó dá àjọ tó ń mójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Bí ọmọ bá rí nǹkan, kó sọ fún àwọn àgbà ilé, kí wọ́n sọ fún mùsíọ́mù.

Láti ibẹ̀, ó rọrùn láti dé ọ̀dọ̀ àwọn ère orí idẹ Ifẹ̀. Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọ̀ọ̀ni, ni wọ́n ti kan ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, ra méjì, ó gbé wọn lọ sílùú rẹ̀, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ọmọ tó wà ní Maiduguri lè wo èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí fóònù, kó ka ìlà ojú rẹ̀. Ọmọ tó wà ní Ifẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn dé mùsíọ́mù Ẹnuwá tí wọ́n ṣí ní 1954, kó wo ohun tó wà níbẹ̀, kó sì sọ fún àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn pé ní 1910, Leo Frobenius wá láti Jámánì, ó rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, ó sì ní ọwọ́ àwọn ará Atlantis tó ti rì sínú òkun ló ti wá. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ni: kí ló rí, kí ni kò rí, kí ló ti gbà gbọ́ kó tó dé? Ẹ fi Igbó Olókun kún un, níbi tí wọ́n ti rí i pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ń yọ́ gíláàsì, tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè dá Frobenius lóhùn, kí ẹ fún un láyè ló kù.

Fún àwọn ọmọ Iléṣà, òṣómàáló ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ilé tí kò ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó ta aṣọ láwìn kò pọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ẹ má ní kí ọmọ lọ béèrè pé "Ẹ sọ ìtàn Ìjẹ̀ṣà fún mi." Àgbà tí ẹ bá bi ní irú ìbéèrè yẹn yóò ka oríkì fún yín ni. Kí ó béèrè ohun kékeré: ìlú wo ni wọ́n ti ń tajà? Kí ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀? Ọjọ́ mélòó? Ilé ta ni wọ́n ń sùn? Aṣọ wo ló yá jù? Kó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta péré sílẹ̀, kó sì tọrọ àyè kó tó gbà á. Nínú kíláàsì tèmi, a kó orúkọ ìlú tí àwọn ọmọ gbà wálé sórí máàpù kan: Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìkàrẹ́, Lọ́kọ́ja, Kánò. Mo wá béèrè pé: rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, kò dé Iléṣà, kò dé Ifẹ̀. Kí ni ìyẹn ṣe sí ẹsẹ̀ àwọn baba yín? Ìtàn àti jọ́gíráfì pàdé lórí máàpù kan, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè èwo ni èwo.

Ẹ rántí pé láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni wọ́n ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tó dá dúró ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS, ó sì tó ọdún mélòó kan kí ìjọba tó ní kó padà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùkọ́ wà lónìí tí wọ́n ti ìgbà yẹn bọ̀. Àwọn àgbà ilé ni ìwé tí wọn kò yọ.

Nítorí náà, ẹ má sá fún òbí tó ń gbọ́. Ẹ gbà á wọlé. Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, mo kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé: ìtàn wo ni wọ́n sọ fún yín nílé nípa Ògèdèǹgbé, olórí ogun Ìjẹ̀ṣà? Ìyá ọmọ kan jẹ́ ará Ìbàdàn. Mo ní kí òun náà sọ ohun tí wọ́n sọ fún un nípa Látòósà, Ààrẹ Ìbàdàn. Mo wá fi ohun tó dájú sí àárín: Ìbàdàn kó Iléṣà ní 1870; ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877; Látòósà kú ní ibùdó ogun ní 1885; wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò tú ká tán títí di 1893. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú kíláàsì: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ láìsọ ibi tó ti gbọ́ ọ. "Bàbá àgbà mi ló sọ ọ́" dára. "Ìwé báyìí ló wà" dára. "Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n" kò dára, a ó dá a padà. Ní kíláàsì kejì, àwọn ọmọ fúnra wọn ti ń dá ara wọn dúró.

Ọ̀rọ̀ ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, mo ń kọ́ ọ, nítorí bí a kò bá kọ́ ọ, ojú ọ̀nà ni wọn yóò ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kì í fi ohùn tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ káàkiri kọ́ ọ láé. Èèyàn lè gé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kúrò nínú rẹ̀, kó sì dá ìjà sílẹ̀ ní ibi tí ẹ kò dé. Ojúkojú ni, tàbí lórí ìpè Sátidé, n ó sì ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ni bí Ọ̀yọ́ Ilé ṣe tú ní àwọn ọdún 1830, tí àwọn èèyàn, àwọn baba ńlá Modákẹ́kẹ́ nínú wọn, ń sá wá sí gúúsù tọmọtọmọ. Ọmọ tó bá ti rí ìyá tó gbé ẹrù lórí tó ń wá ibi tí yóò sùn, yóò lè fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e, láti ìhà méjèèjì.

Ohun kan tún wà fún jọ́gíráfì. Google Earth Pro lórí kọ̀ǹpútà ní àwòrán àwọn ọdún tó ti kọjá. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ ya àwòrán méjì, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, kí ẹ fi ránṣẹ́. Dátà àwọn ọmọ kò ní lọ. Ẹ wo àgbègbè Ìtàgúnmódì, níbi tí àwọn awagóòlù ti gbẹ́ ilẹ̀, tí igbó ti di pupa. Ìdí tí góòlù fi wà níbẹ̀ ni ọ̀wọ́ òkúta tí wọ́n ń pè ní Ife-Ilesa schist belt, tí gbogbo wa jókòó lé. Òun náà ló gbé iléeṣẹ́ góòlù Segilola wá sí ìhà Ìpẹ̀rìndó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọ góòlù ní 2021. Àwòrán ni kí wọ́n wò o. Ẹ má rán ọmọ kankan lọ sí ojú kòtò, ó máa ń ya lulẹ̀.

Ẹ kò béèrè nípa ẹ̀dàkọ, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Bí ẹ bá ní kí ọmọ kọ "àwọn ohun tó fa ogun Kírìjì," yóò dà á kọ láti inú fóònù kí ẹ tó mumi tán. Bí ẹ bá ní kó sọ ibi tí òjìji ọ̀pá rẹ̀ dé ní agogo 12:30, tàbí ìlú tí bàbá àgbà rẹ̀ ti tajà, kò sí ibi tó ti lè rí i dà kọ. Ní ti ààbò, kí òbí mọ gbogbo ibi tí ẹ bá rán ọmọ, kó má dá lọ, kí àwòrán má sì gbé ojú ẹnikẹ́ni tàbí nọ́ńbà ilé jáde.

Ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ má pè wọ́n sórí Zoom. Ẹ fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta ránṣẹ́, pé kí wọ́n wá ọ̀pá mítà kan, okùn kan, òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mẹ́sàn-án tó kù, ẹ fi ránṣẹ́ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó lọ náà, ẹ má sì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n lọ. Ẹ pe àwọn ará Maiduguri fúnra yín, kí ẹ sọ fún wọn pé bí wọn ò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ náà kò lè ṣe é ṣe. Bí òjìji tiwọn bá ti kúrú tán, ẹ kọ aago rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti ri ọ̀pá tèmi sẹ́yìnkùlé.